Kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀ kì í ṣe ti fàráńdà

Ọ̀pọ̀ onílé l'Ékòó àti n'Ìbàdàn, kápẹ́ẹ̀tì tó ti gbó ní pálọ̀ ni wọ́n máa ń gé sójú fàráńdà. Wọ́n ní àwọn ń ṣọ́ owó ná. Àmọ́ tí òjò bá ti rọ̀ sí i lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, yóò máa rùn, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bu lábẹ́. Bẹ́ẹ̀, ọ̀tá ẹni tó ní ikọ́ fée ni nǹkan tó bá bu.

Èyí tó yẹ ìta ni èyí tí wọ́n fi polypropylene ṣe, irú ọ̀rá tí wọ́n fi ń hun àpò ìrẹsì. Kì í mu omi, ó sì tètè máa ń gbẹ. Kí ẹni tó fẹ́ rà á yí ẹ̀yìn ẹ̀ wò o. Tó bá jẹ́ fóòmù tàbí okùn bíi ti àpò kòkó, kó fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Koríko oníke tó gbòde báyìí náà ní tiẹ̀ lára. Lọ́sàn-án gangan, ó máa ń gbóná débi tó lè jó ọmọdé tí kò wọ bàtà lẹ́sẹ̀. Abẹ́ ìbòòji ló dáa fún.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni etí ẹ̀. Etí kápẹ́ẹ̀tì tó ká sókè ló ń gbé ìyá àgbà ṣubú, owó egungun tó bá sì kán ju owó kápẹ́ẹ̀tì lọ fíìfíì.