Abọ́ Tó Há Mọ́ Móòdù: Ta Ni Yóò San Gbèsè Rẹ̀?

 

Lẹ́tà ìyá kan tó ń ta abọ́ rọ́bà ní Ẹbúté Èrò, ní Ìsàlẹ̀ Èkó níbí, ló gbé mi dé orí ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí. Ìyá ní òun ra báfù méjìlá. Mẹ́ta nínú wọn ní àmì roboto-roboto nídìí, gbogbo ẹ̀gbẹ́ àmì náà sì funfun. Oníbàárà kan ra ọ̀kan, kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tó fi gbé e padà wá. Ìdí báfù ti sán! Ló bá ń pariwo pé gbájú-ẹ̀ ni ìyá. Nígbà tí ìyá padà lọ bá alágbàtà tó ta á fún un, ohun tó sọ ni pé, "Màmá, bó ṣe máa ń rí nìyẹn." Ìyá wá ń béèrè lọ́wọ́ wa pé, ṣé lóòótọ́ ni?

Ìyá wa, ìdajì rẹ̀ lóòótọ́, ìdajì rẹ̀ irọ́. Àmì roboto lásán kì í ṣe àléébù. Ṣùgbọ́n tí ara rọ́bà bá ti funfun yí i ká, ẹ yáa mọ̀ pé abọ́ yẹn ti farapa kó tó kúrò ní ilé iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Irin méjì ni móòdù abọ́. Ọ̀kan jin bí odó, èkejì yọrí bí ọmọ odó. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì ni abọ́ ń gbà di abọ́. Ẹ̀rọ á yọ́ rọ́bà títí ooru rẹ̀ á fi lé ní 200 lórí ìwọ̀n Celsius (omi tó ń hó kò ju 100 lọ o), á wá fi agbára tì í sínú àlàfo yẹn. Omi tútù tó ń ṣàn nínú irin á mú un le.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Rọ́bà tó bá ń tutù a máa súnkì. Èyí tí wọ́n ń pè ní polypropylene, tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ báfù, lè súnkì tó 1 sí 2 nínú 100. Ẹ lè ní kí ni ìyẹn jẹ́? Ó tó láti jẹ́ kó dì mọ́ ọmọ odó yẹn gbọin-gbọin, bí òrùka tó há mọ́ ìka. Àwọn ọ̀pá irin tó wà nínú móòdù ló ń tì í jáde, ojú ọ̀pá ni àmì roboto tí ẹ ń rí. Tí abọ́ bá há, ọ̀pá á tì í ju bó ṣe yẹ lọ, ara rọ́bà á fà, á sì funfun. Ẹ mú ìdérí rọ́bà tó ti gbó, kí ẹ ká a kò, ẹ ó rí i pé ojú ibi tí ẹ ká yẹn á funfun. Ibẹ̀ náà ló máa ń sán sí.

Kí ló wá ń mú un há? Àkọ́kọ́, bí wọ́n ṣe gbẹ́ móòdù. Ẹ wo bọ́kẹ́ẹ̀tì ilé yín, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ju ìdí lọ. Kì í ṣe torí ká lè tò wọ́n wọnú ara wọn nìkan. Tí ara móòdù bá dúró ṣánṣán, abọ́ ò ní fẹ́ bọ́.

Èkejì, àkókò. Tí wọ́n bá ṣí móòdù kíá jù, rọ́bà ṣì rọ̀, ọ̀pá á gún un. Tí wọ́n bá pẹ́ jù, á ti dì mọ́ irin.

Ẹ̀kẹta, afẹ́fẹ́. Bọ́kẹ́ẹ̀tì tó jin a máa fà mọ́ irin bíi kọ́ọ̀pù méjì tó tutù tó wọnú ara wọn. Nítorí náà ni móòdù tó dáa ṣe ní ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé.

Ẹ̀kẹrin ló dùn mí jù. Tí abọ́ bá há, òṣìṣẹ́ tí ọ̀gá ń kù mọ́ á fa sùkúrúdíráfà yọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í họ irin. Ojú móòdù tó ń dán á wá há gàràgàrà, gbogbo abọ́ tó bá tẹ̀lé e á máa há sí i. Ẹ̀yin àbúrò mi nílé iṣẹ́ Ìkẹjà, Ìlúpéjú àti Ìsọlọ̀, igi tàbí idẹ ni kí ẹ fi yọ ọ́. Ẹ sì pa ẹ̀rọ ná kí ẹ tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Owó oṣù kò lè ra ìka.

Òróró ńkọ́? Ẹ̀yin ìyá wa ti mọ ìyẹn tipẹ́: a ń fi epo ra kọ́ọ̀pù mọ́ín-mọ́ín, oníbúrẹ́dì ń fi ra páànù rẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà ní tiwọn tí wọ́n ń fọ́n sára móòdù, silicone ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Díẹ̀ ló dáa. Tó bá pọ̀ jù, ara abọ́ á ní àbàwọ́n, òǹtẹ̀ kò sì ní mú un. Abọ́ tí a ó fi jẹun, irú èyí tí wọ́n fọwọ́ sí fún ohun ìjẹun nìkan ni kí wọ́n lò. Ẹ̀yin tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù, mo mọ̀ pé ọ́ìlì dúdú kọ́ńdẹ̀m lẹ ń fi ra móòdù. Ẹ máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín, májèlé wà nínú rẹ̀. Kó má sì dé inú móòdù ohunkóhun tó ń kan oúnjẹ láéláé.

Ẹyọ rọ́bà ojúlówó wà nílẹ̀ wa. Eleme, lẹ́bàá Port Harcourt, ń ṣe é. Láti 2025, ilé iṣẹ́ Dangote ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí náà ti ń ṣe é. Ṣùgbọ́n bí móòdù bá ti gbọgbẹ́, abọ́ á gbọgbẹ́. Ẹni tó há a kọ́ ló sì ń jẹ gbèsè rẹ̀, ìyá tó ń tà á níbi ìsọ̀ ni.

Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ tú ọjà palẹ̀. Ẹ gbé ìdí abọ́ sókè sí oòrùn. Èyí tó bá funfun yí àmì ká, ẹ yọ ọ́ sẹ́yìn. Èyí tó bá ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ẹni fi epo ra á, ẹ sọ fún oníbàárà kó fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́ kó tó bu oúnjẹ sí i. Ìyá wa, ẹ kó báfù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà fún alágbàtà yẹn, kí ẹ mú ìwé ìròyìn yìí dání. Tó bá tún ní "bó ṣe máa ń rí nìyẹn," ẹ ní kó fi ọ̀kan ponmi nílé tirẹ̀.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ má gbàgbé lẹ́tà yín o.