Ọdún Márùn-ún Níwájú Iná: Ẹ Kú Oríire, Ẹ̀yin Afẹ́gíláàsì!

Ní ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 2024 ni ó pé ọdún márùn-ún gééré tí Netflix gbé Blown Away jáde fún gbogbo ayé, ìdíje orí tẹlifíṣọ̀n tí àwọn oníṣọ̀nà ti ń fẹ́ gíláàsì gbígbóná níṣojú kámẹ́rà. Ìpele mẹ́rin ló ti jáde láàárín ọdún márùn-ún náà, ẹni mẹ́rin ló ti gbégbá orókè, gíláàsì tó sì ti fọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ kò lóǹkà. Àwa tí a ń wò wọ́n láti ọ̀nà jíjìn kò ní jẹ́ kí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kọjá láìkí wọn.

Ìlú Hamilton, ní ìpínlẹ̀ Ontario lórílẹ̀-èdè Kánádà, ni wọ́n ti ń ṣe é. Ilé iṣẹ́ marblemedia tó ń gbé ètò náà kalẹ̀ ní láti kọ́ àyè iṣẹ́ tuntun tí afẹ́gíláàsì mẹ́wàá lè jọ dúró sí lẹ́ẹ̀kan náà, kí olúkúlùkù ní ibi ìjókòó tirẹ̀ àti ẹnu iná tirẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí ìléru kan ṣoṣo ṣe ń jẹ gáàsì tọ̀sán-tòru yóò mọ̀ pé kì í ṣe owó kékeré. Katherine Gray, tí òun náà jẹ́ ògbóǹtarìgì nídìí gíláàsì, ló ń yẹ iṣẹ́ wọn wò láti ìpele kìíní títí dé ìkẹrin. Ẹ̀bùn tó tó 60,000 dọ́là ló wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá borí, pẹ̀lú àǹfààní láti lọ ṣiṣẹ́ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé gíláàsì tó wà ní ìlú Corning, ní ìpínlẹ̀ New York.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ni kí a wò. Yanrìn, sódà àti òkúta ẹfun ni wọ́n ń yọ́ pọ̀ di gíláàsì. Nínú ìléru tí ooru rẹ̀ tó nǹkan bí 1,100 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó máa ń ki, ó sì máa ń fà bí oyin. Oníṣẹ́ á ti ọ̀pá irin oníhò bọ inú rẹ̀, á yí i, gíláàsì á wé mọ́ ẹnu ọ̀pá, á gbé e jáde. Láti ìgbà náà lọ, ọ̀pá yẹn kò gbọdọ̀ dúró. Bó bá dúró pẹ́nrẹ́n, gíláàsì á ṣàn sísàlẹ̀, iṣẹ́ á wọ́. Á fẹ́ èémí díẹ̀ sí i. Á fi pákó tí wọ́n rẹ sómi gbá a mú, tàbí kó tẹ́ ìwé ìròyìn tútù tí wọ́n ká ní ìpele-ìpele sí àtẹ́lẹwọ́, kó máa fi í pa á ní ìrísí, pẹ̀lú ooru bẹ́ẹ̀! Èéfín á sọ. Bí gíláàsì bá ti ń tutù, á sáré gbé e padà sẹ́nu iná. Á jáde, á padà, á tún jáde, á tún padà.

Ìgbà tí ọkàn òǹwòran máa ń fò jù ni ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ gba iṣẹ́ kúrò lórí ọ̀pá kan sórí òmíràn, kí wọ́n lè ráyè tún ẹnu rẹ̀ ṣe. Gíláàsì táṣẹ́rẹ́ kan ló so ó mọ́ ọ̀pá kejì. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ọ̀pọ̀ wákàtí ti lè já bọ́ sílẹ̀, kó fọ́ yángá. Èyí tí kò bá fọ́ kò tíì bọ́ o. Ó kù kó wọ inú ààrò ìmútutù, níbi tí ooru yóò ti máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nígbà mìíràn di ọjọ́ kejì. Bí gíláàsì bá tutù lójijì, ara òde á ti sún kì nígbà tí inú ṣì gbóná, á sì là láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ti ní kí àwọn olùdíje ṣe, iṣẹ́ iná ni mo fẹ́ràn jù: kí oníṣọ̀nà fi gíláàsì ṣe ohun tí gílóòbù yóò máa tàn nínú rẹ̀, yálà èyí tí yóò dúró lórí tábìlì tàbí èyí tí yóò so rọ̀ láti òrùlé. Ẹ gbà mí gbọ́, ìdánwò tó le jù nìyẹn. Gíláàsì tí wọ́n fi ń to òdòdó lè ki níhìn-ín kó fẹ́lẹ́ lọ́hùn-ún, kí ẹnikẹ́ni má fura. Tan iná sínú rẹ̀ báyìí, gbogbo rẹ̀ á hàn: ibi tí èémí ti pọ̀ jù, ibi tí afẹ́fẹ́ há sí tó di ihò wínníwínní, ibi tí ọwọ́ ti gbọ̀n. Àwọ̀ pupa tó ń wu ojú lójú ọ̀sán lè ṣú dùdù bí ó bá ki tó bẹ́ẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ kò ráyè gbà á kọjá. Gíláàsì funfun oníwàrà ẹ̀wẹ̀ á gba ìmọ́lẹ̀ tó le, á tú u ká, á sì jẹ́ kó tutù lójú. Àwọn mìíràn á fẹ́ iyanrìn líle lu ara gíláàsì títí yóò fi ṣe bàìbàì, kí a má baà máa rí gílóòbù náà ní ìhòòhò.

Ìwúlò tún kù lẹ́yìn ẹwà. Wáyà gbọ́dọ̀ ráyè wọlé. Gílóòbù gbọ́dọ̀ ṣeé yọ nígbà tó bá jó. Gíláàsì wúwo, nítorí náà ohun tó so ó rọ̀ gbọ́dọ̀ lè gbé e. Bí iná náà bá ní ẹ̀ka mẹ́fà, ẹ̀ka mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gbọ́dọ̀ jọra, èyí sì ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá iṣẹ́ ń sá fún, torí pé fífẹ́ nǹkan kan tó dára rọrùn ju fífẹ́ ìkejì rẹ̀ lọ. Gbogbo èyí láàárín wákàtí díẹ̀ tí wọ́n fún wọn, tí aago ń lọ, tí òógùn ń bọ́ sí wọn lójú! Nígbà tí wọ́n bá wá pa iná gbọ̀ngàn, tí wọ́n tan tiwọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mi ò mọ ẹni tí inú rẹ̀ kò ní dùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ayọ̀ mi fi pọ̀ tó báyìí. Àṣírí ni iṣẹ́ yìí tẹ́lẹ̀. Ọdún 1291 ni ìjọba Venice pàṣẹ pé kí wọ́n kó àwọn ìléru gíláàsì kúrò láàárín ìlú lọ sí erékùṣù Murano. Ìbẹ̀rù iná wà nínú àṣẹ náà, ṣùgbọ́n ìṣọ́ àṣírí tẹ̀ lé e. Oníṣẹ́ tó bá sá lọ sí ìlú òkèèrè láti fi ìmọ̀ náà kọ́ ẹlòmíràn, ọ̀daràn ni lójú ìjọba. Inú àhámọ́ yẹn ni àwọn ará Murano ti sọ iná àsorọ̀ ẹlẹ́ka púpọ̀, èyí tí ayé ń pè ní chandelier, di iṣẹ́ ọnà tó ń ya ọba lẹ́nu. Giuseppe Briati ló lókìkí jù nínú rẹ̀ ní ọ̀rúndún kejìdínlógún: irin ni egungun, gíláàsì ló bò ó látòkè délẹ̀, pẹ̀lú ewé àti òdòdó aláràbarà. Ẹni tó bá dé ààfin Ca' Rezzonico ní Venice yóò rí irú rẹ̀ tó ṣì so rọ̀ níbẹ̀.

Ilẹ̀kùn àṣírí náà pẹ́ kó tó ṣí. Ní 1962, Harvey Littleton kó àwọn ènìyàn jọ ní Toledo, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ó sì fi hàn wọ́n pé oníṣọ̀nà kan lè yọ́ gíláàsì nínú ìléru kékeré tirẹ̀, láìsí ilé iṣẹ́ ńlá. Dale Chihuly lọ sí ilé iṣẹ́ Venini ní Murano ní 1968, ó rí i pé ẹgbẹ́ ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ó mú ìyẹn bọ̀ wá sí Amẹ́ríkà, ó sì wà lára àwọn tó dá ilé ẹ̀kọ́ Pilchuck sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Washington ní 1971. Ẹni tí mo fẹ́ kí ní pàtàkì níhìn-ín ni Lino Tagliapietra. Ọmọ bíbí Murano ni. Ní 1979 ó rìnrìn àjò lọ sí Pilchuck, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà ní ohun tí àwọn baba rẹ̀ fi pamọ́. Inú àwọn kan nílé kò dùn sí i. Àgbà ọkùnrin náà kò padà lẹ́yìn ohun tó dáwọ́ lé. Nígbà tó di 1996, Chihuly kó àwọn chandelier lọ sí Venice, ó so wọ́n rọ̀ sórí odò àti sí gbangba ìlú tó ti fi àṣírí yẹn pamọ́.

Ẹ wá wo ibi tí ọ̀rọ̀ dé ní 2019. Ohun tí ìjọba fi òfin há mọ́ erékùṣù kan, ọmọdé lè jókòó sí pálọ̀ bàbá rẹ̀ ní Ìbàdàn kó máa wò ó báyìí, kó rí bí wọ́n ṣe ń ká gíláàsì, bí wọ́n ṣe ń fẹ́ ẹ, bí wọ́n ṣe ń gé e. Oríire yẹn ni mo torí rẹ̀ ń kí ayé.

Deborah Czeresko, ará New York, ẹ kú oríire! Ẹ̀yin lẹ gba ìpele kìíní, nígbà tí ó ku ẹ̀yin àti Janusz Poźniak. Nídìí iṣẹ́ tí àwọn ọkùnrin ti gbá mú tipẹ́, ẹ sọ̀rọ̀ fún àwọn obìnrin láìfi bò. Ọ̀rọ̀ iná náà kò sì tuntun sí yín. Ní ọdún 2019 yẹn kan náà, Meat Chandelier yín wà nínú ìpàtẹ New Glass Now ní Corning: ètò àwọn ará Venice ló gùn lé, ṣùgbọ́n níbi tí ewé àti òdòdó ìbá wà, sọ́séèjì àti ẹran ló so rọ̀. Ẹ ń kí àwọn ọ̀gá àtijọ́, ẹ sì ń bá wọn ṣàríyànjiyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Mo gbóríyìn fún un gidigidi. Elliot Walker láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gba ìpele kejì ní 2021, John Moran, ọmọ Amẹ́ríkà tó fi Bẹ́ljíọ̀mù ṣe ilé, ló gba ìkẹta ní 2022, Morgan Peterson sì gba ìkẹrin ní 2024. Gbogbo yín, ẹ kú oríire!

Ẹ má ṣe jẹ́ ká gbàgbé àwọn tí orúkọ wọn kì í pẹ́ lójú tẹlifíṣọ̀n. Àwọn olùrànlọ́wọ́ ni mò ń wí, tí púpọ̀ nínú wọn kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ náà ní Sheridan College, ní Ontario níbẹ̀. Àwọn ló ń ṣí ilẹ̀kùn iná, àwọn ló ń fẹ́ èémí sínú ọ̀pá nígbà tí ọwọ́ ọ̀gá bá dí lẹ́nu gíláàsì, àwọn ló ń wọ aṣọ ìdáàbòbò láti gbé iṣẹ́ gbígbóná sáyà lọ sínú ààrò. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, a kò lè rí i kedere ju níbẹ̀ lọ: bí ọwọ́ ẹni kan bá ṣìṣe, iṣẹ́ ẹni méjì lọ. Ẹ kú làálàá o.

Ìlú Corning tí àwọn tó borí ń lọ yìí ní ìtàn tirẹ̀ pẹ̀lú iná. Àwọn oníṣẹ́ gíláàsì ibẹ̀ ló fi ẹnu fẹ́ gílóòbù fún Thomas Edison nígbà tí iná ẹ̀lẹ́ńtíríìkì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, èémí kan fún gílóòbù kan. Ní 1926 ni ẹ̀rọ dé, tó ń yọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún gílóòbù láàárín wákàtí kan. Gbogbo ilé ayé tó ń tàn lálẹ́ jẹ àwọn afẹ́gíláàsì wọ̀nyẹn ní gbèsè.

Àwa náà kì í ṣe àlejò nídìí gíláàsì. Ní Igbó Olókun, ní Ilé-Ifẹ̀, Abidemi Babatunde Babalola àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wú ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tó ju 12,000 lọ jáde, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n tẹ àbọ̀ ìwádìí náà jáde ní 2017, ó hàn gbangba pé ohun tí wọ́n rí nílẹ̀ wa ni àwọn baba wa fi po gíláàsì tiwọn, láàárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Wọn kò fẹ́ ẹ. Wọ́n fà á gùn, wọ́n sì gé e ní ìlẹ̀kẹ̀. Ìmọ̀ náà wọlẹ̀, ó di ohun tí a ń fi ọkọ́ wá. Kò sí ẹni tó kù tó lè jókòó kó fi ọwọ́ ṣe é hàn wá bí wọ́n ṣe ń ṣe é nígbà náà.

Nítorí náà, ẹ̀yin onílé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n wa, ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀ yín. Àwọn Masaga ní Bida, nílẹ̀ Núpé, ti pẹ́ nídìí yíyọ́ gíláàsì sí ìlẹ̀kẹ̀ àti ẹ̀gbà ọwọ́, tí wọ́n ń sọ ògbólógbòó ìgò di ohun ọ̀ṣọ́. Ẹ gbé kámẹ́rà lọ bá wọn. Ẹ jẹ́ kí a rí ojú wọn, ọwọ́ wọn àti iná wọn, kí ẹ sì san owó gidi fún wọn. Ẹ ṣe ìdíje tiwa fún àwọn ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ kọ́ ọ, kí ẹ sì ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fìtílà.