Ọmọ Lísàbí, Ẹ Jẹ́ Ká Béèrè Ìṣirò Odò

Ẹ̀yin ará Sókorí, Láfẹ́nwá àti Ìjẹun-Tìtun, ẹ̀yin ìyálọ́jà Kútọ̀ àti Ìtòkú, òjò ń bọ̀. Ẹ kò gbàgbé ọjọ́ 13 oṣù Keje ọdún 2018, nígbà tí àgbàrá gba ìgboro Abẹ́òkúta, tí ó gbé ènìyàn lọ, tí ó gbé mọ́tò, tí ó wọ ṣọ́ọ̀bù kó ọjà tí a fi owó àjọ rà. Wọ́n bá wa kẹ́dùn nígbà náà. Ẹ má jẹ́ ká dúró de ìkẹ́dùn mìíràn. Ẹ jẹ́ ká wo bí àwọn tó ṣáájú wa ṣe já ara wọn gbà.

Nígbà tí àwọn ìlàrí, ìránṣẹ́ Aláàfin Ọ̀yọ́, gbòde kan nílẹ̀ Ẹ̀gbá, tí wọ́n ń fi tipátipá jẹ lára irè oko ẹni, Lísàbí Agbòǹgbò-Àkàlà kò kọ́kọ́ yọ idà. Àáró ni ó dá sílẹ̀: òní oko tèmi, ọ̀la oko tìrẹ. Àwọn ìlàrí rí wọn, wọ́n rò pé ebè lásán ni wọ́n ń kọ. Nídìí ebè yẹn ni wọ́n ti mọ ẹni tí ó ṣe é fọkàn tán, kí àáró tó di Ẹgbẹ́ Olórogún, kí Ẹ̀gbá tó já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ Ọ̀yọ́ ní apá ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún. Lọ́dọọdún là ń dáṣọ fún Ọjọ́ Lísàbí. Aṣọ náà ń dára, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà sí i, àmọ́ àáró dà?

Àwọn ìyá wa ṣe tiwọn ní 1947. Owó orí ń ni wọ́n lára, débi pé àwọn agbowó-orí ń tú ọmọbìnrin síhòòhò láti mọ̀ bóyá ó ti dàgbà tó ẹni tí í san án. Aláké Adémọ́lá Kejì, ọba Ẹ̀gbá, wà lórí oyè, ìjọba òyìnbó sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta béèrè ìwé àṣẹ ìwọ́de, wọn kò rí i gbà. Wọ́n ní kò burú, píkíníìkì làwọn ń lọ! Ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin ló ṣe píkíníìkì náà níwájú ààfin Aké. Fúnmiláyọ̀ ti kọ́ wọn bí a ṣe ń gbé agolo tajútajú sọ padà sí ẹni tó jù ú. Wọ́n kọrin, wọ́n bú ọba, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ohun tó ba aláṣẹ lẹ́rù jù ni ìbéèrè wọn: èló lẹ gbà, kí lẹ fi ṣe, kí ló dé tí obìnrin kò sí nínú ìgbìmọ̀ tó ń ná an? Ní 1948, wọ́n dá owó orí obìnrin dúró. Ní oṣù Kìíní 1949, Aláké fi oyè sílẹ̀. Òótọ́ ni pé ó padà sórí oyè lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àmọ́ obìnrin ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ kó tó dé.

Agbára tó ń ni wá lára lónìí kò ní ojú tí a lè wò. Àwọn orílẹ̀-èdè tó ti ń jó èédú àti epo tipẹ́ ló mú ayé gbóná. Bí afẹ́fẹ́ bá fi ìwọ̀n kan ṣoṣo gbóná sí i, ó lè gbé omi tó fi nǹkan bí ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀. Tó bá sì tú u sílẹ̀, Sókorí ni yóò kún. Ní 2022, ní ìpàdé àgbáyé lórí ojú ọjọ́ ní Sharm el-Sheikh, àwọn orílẹ̀-èdè gbà láti dá àpò kan sílẹ̀ fún àwọn tí irú òfò yìí bá. Ọwọ́ tí owó yẹn yóò kọjá kó tó dé Láfẹ́nwá pọ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ béèrè èyí tó wà nílé: ìpín tí ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ ń gbà nínú owó ìtọ́jú àyíká ti ìjọba àpapọ̀. Èló ló dé? Odò wo ni wọ́n fi gbẹ́?

Dáàmù Ọ̀yán náà ńkọ́? Ààrẹ Shehu Shagari ṣí i ní 1983. Wọ́n kó àwọn ará abúlé kúrò lórí ilẹ̀ wọn nítorí rẹ̀, àtọ̀sí ajá sì bá àwọn ọmọ wọn nídìí adágún náà. Ní 2010, omi tí wọ́n tú níbẹ̀ ya wọ ilé àwọn ará ìsàlẹ̀ odò Ògùn. Ọjọ́ wo ni wọn yóò tú u lọ́dún yìí, báwo ni yóò ṣe pọ̀ tó, ta ni yóò sì sọ fún alájàpá tó wà létí odò?

Àwọn aláṣẹ yóò ní àwa la ń da pàǹtírí sódò. Wọn kò parọ́. Ẹni tó ń da ilẹ̀ sí odò Sókorí lóru ń bá wọn ba ẹjọ́ wa jẹ́, kí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò (CDA) rẹ̀ mú un.

Òfin ọdún 2011 tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ sí ìwé ìjọba wà nílẹ̀. Kò ní kí ẹ sọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè. Ọjọ́ 7 ló fún wọn láti dáhùn. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì ti sọ ní 2025 pé ó de ìpínlẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ ká fi í ṣe àáró: lọ́sẹ̀ yìí, Láfẹ́nwá kọ lẹ́tà tó béèrè ìbéèrè wọ̀nyí, gbogbo àdúgbò àti ọjà yòókù bá wọn gbé e lọ, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ó kan Sókorí, lẹ́yìn náà Ìjẹun-Tìtun. Ẹ gbé e dé ìjọba ìbílẹ̀ méjèèjì tó wà ní Abẹ́òkúta, dé ọ́fíìsì gómìnà ní Òkè Mọ́sàn, dé ọ́fíìsì àwọn tó ń ṣọ́ dáàmù ní ọ̀nà Alábàtà. Kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiyín kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Bí ọlọ́pàá bá béèrè ìwé àṣẹ, lẹ́tà lẹ wá fi jíṣẹ́. Bí ọjọ́ 7 bá pé tí wọn kò fèsì, ọgbọ̀n ọjọ́ ni òfin fún wa láti gbé wọn dé kóòtù. Kí ẹ̀yin agbẹjọ́rò ọmọ Ẹ̀gbá ti fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ìyálọ́jà láti ìsinsìnyí. Akọ̀wé ọjà Láfẹ́nwá, ọwọ́ yín ni lẹ́tà àkọ́kọ́ wà.