Ọmọ Ibo Ni?

Nígbàkúùgbà tí àsìkò ìbò bá ti ń súnmọ́lé, yálà ní Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ Olóyèmẹkùn ni o, tàbí ní àwọn abà olóko kòkó tó yí Òǹdó Ẹkímọ̀gún ká, ìbéèrè kan ni tọmọdé tàgbà máa ń kọ́kọ́ bi ara wọn nípa ẹni tó bá jáde, kí wọ́n tó rántí béèrè ẹgbẹ́ rẹ̀ tàbí ohun tó fẹ́ ṣe: ọmọ ibo ni? Àwọn ọ̀mọ̀ràn orí rédíò a sì máa fi ìbéèrè yìí bú wa, wọn a ní òpè ni ará oko, wọn a ní kò mọ ohun tó kan ìjọba. Èmi kò bá wọn dá orin yẹn, nítorí pé ẹ̀tẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ tí wọ́n ń pa làpálàpá.

Ẹni tó bá rò pé bẹ́ẹ̀ ni a ti ń ṣe é láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, kí ó bi àwọn tó gbọ́njú ní oṣù Kẹjọ ọdún 1983. Ní ọdún náà, wọ́n kéde pé Akin Ọmọ́bóríowó ti ẹgbẹ́ NPN ló wọlé ìbò gómìnà ìpínlẹ̀ Òǹdó, lórí ìbò tí ilé-ẹjọ́ padà sọ pé Adékúnlé Ajásin ti UPN ló ni ín. Àkúrẹ́ gbiná, ilé jó, ẹ̀mí sì ṣòfò, títí kan ti Ọláìyá Fágbàmígbé, gbajúmọ̀ atẹ̀wétà tó wà nínú NPN. Èmi kò ní yin ìpànìyàn láéláé, ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà burú jáì. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ọmọ ibo ni Ajásin? Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni! Kí ló wá kan ará Àkúrẹ́ nínú ìbò ọmọ Ọ̀wọ̀, tí ó fi gbàgbé ara rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ohun tó kàn án ni pé ẹgbẹ́ ṣì jẹ́ ẹgbẹ́ nígbà náà. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ìyẹn Action Group, dá sílẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1955, tí UPN sì nà dé ilé-ìwé girama ní 1979, kì í ṣe ìtàn àgbọ́sọ fún àgbẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ ń gbé síléètì jáde láràárọ̀ láìsan kọ́bọ̀. Ó mọ ohun tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ òun.

Ẹ wá wo òde òní. Olúṣẹ́gun Mímìkó, Ìrókò, ọmọ Òǹdó, tó ti jẹ́ kọmíṣọ́nnà nínú ìjọba AD, tó tún jẹ́ akọ̀wé ìjọba àti mínísítà nínú PDP, ẹgbẹ́ Lébọ̀ ló gbà du ipò gómìnà ní 2007. Ilé-ẹjọ́ fi ipò náà lé e lọ́wọ́ ní oṣù Kejì ọdún 2009, ó tún wọlé ní 2012, ó padà sí PDP ní 2014, nígbà tó sì di 2019, abẹ́ ZLP ló ti du ipò sẹ́nétọ̀, kò sì bọ́ sí i. N kò dárúkọ rẹ̀ láti bú u, nítorí pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ṣe bẹ́ẹ̀ kò níye. Bí wọ́n bá ń pààrọ̀ ẹgbẹ́ bí ẹni pààrọ̀ ẹ̀wù, kí ni kí ará Bọ́lọ́rundúró fi dá wọn mọ̀, bí kò ṣe ibi tí wọ́n ti bí wọn? Ìyẹn nìkan ni olóṣèlú kò lè pààrọ̀.

Àbájáde ìbò jẹ́rìí sí i. Ní 2020, Ẹyítáyọ̀ Jẹ́gẹ́dẹ́, ọmọ Àkúrẹ́, gbé abùradà PDP jáde. Nínú ìjọba ìbílẹ̀ 18, mẹ́ta péré ló mú, Gúúsù Àkúrẹ́, Àríwá Àkúrẹ́ àti Ìfẹ́dọ̀rẹ̀ tó múlé tì wọ́n. Ọmọ ẹni kò ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, abùradà kan náà ni Agboọlá Àjàyí, tí kì í ṣe ọmọ Àkúrẹ́, gbé wá. Lucky Aiyédatiwá ti APC kó gbogbo 18 náà pátá, Àkúrẹ́ kò gbẹ́yìn. Abùradà kò yí padà, ẹni tó dì í mú ló yí padà. Bẹ́ẹ̀ sì ni, láti ìgbà tí wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ yìí sílẹ̀ ní 1976, kò tíì sí ọmọ Àkúrẹ́ kan tí a dìbò yàn sípò gómìnà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlú wọn ni ilé ìjọba wà.

Bí kò bá wá sí ọmọ ẹni nínú ìdíje ńkọ́? Owó ọbẹ̀ ló kù, èyí tí wọ́n ń pè ní dìbò-kí-o-sebẹ̀. Ebi kì í wọnú kí ọ̀ràn mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹni tí kò bá sì fẹ́ gbowó, ilé rẹ̀ ló ń jókòó sí. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ fún ìbò 2024 lé ní mílíọ̀nù 2, ṣùgbọ́n bí a bá ro ìbò APC àti ti PDP pọ̀, 484,626 ni gbogbo rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin alága ẹgbẹ́, ẹ̀yin tí ẹ ti ń wá ẹni tí ẹ ó fà kalẹ̀ fún ìbò tí ń bọ̀, ẹ dá ará oko sí. Ẹ kọ ilé-ìwé tí ẹ ó tún ṣe àti ọ̀nà oko tí ẹ ó là sínú ìwé, kí ẹ kọ ọdún tí ẹ ó parí rẹ̀ sí i, kí ẹ sì fọwọ́ sí i lórúkọ ẹgbẹ́, kí a lè rí ẹni tí a ó mú bí ẹni tí ẹ fà kalẹ̀ bá tún sá lọ sí ẹgbẹ́ mìíràn.