Ojú Tí Kò Dunni Ni Kí Ẹ Gbé Lọ Sọ́dọ̀ Dókítà

Kò sí ibi tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ ti le tó ní Èkó tàbí Ìbàdàn tí ẹ ò ní bá ọmọ tó ń kiri awò ojú. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ á gba bíi mẹ́ta wò, á na ìwé pélébé kan síwájú, èyí tó bá ti jẹ́ kí lẹ́tà ibẹ̀ tóbi, ó ti rà á nìyẹn. Mi ò bá ẹni tó ń tà á jà, oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ ló ń wá. Ẹni tó rà á, tó wá gbà pé òun ti tọ́jú ojú òun, ni mo ní ọ̀rọ̀ bá sọ.

Ìwé kíkà ni awò yẹn ń bá a ṣe. Àìríwèékà tó máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ogójì ọdún kì í sì í ṣe àrùn, àgbà ló dé. Àrùn tí mò ń sọ kì í dí ìwé kíkà lọ́wọ́ títí tó fi máa fẹ́rẹ̀ẹ́ parí iṣẹ́ rẹ̀. Glaucoma ni wọ́n ń pè é. Omi kan wà nínú ẹyinjú tó ń sun, tó sì ń wá ibi gbà jáde (omijé kọ́ o). Bí ọ̀nà tó ń gbà jáde kò bá já geere mọ́, omi náà á máa ti inú ojú, á sì máa ba iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ni ìríran ti sábà máa ń kọ́kọ́ lọ. Àárín á ṣì mọ́lẹ̀ kedere.

Ìdí nìyẹn tí èèyàn fi lè ka Bíbélì tàbí Kùránì láìṣì í láàárọ̀, kó fi èjìká gbá férémù ilẹ̀kùn lọ́sàn-án, kó má sì rí ọ̀kadà tó ń bọ̀ lápá ọ̀tún nírọ̀lẹ́. Àwọn ará ilé á ní kì í fara balẹ̀ ni. Ojú kò dùn ún, kò pọ́n, kò sepin. Nígbà tó bá fi máa pariwo pé òun ò ríran mọ́, iṣan ti kú, kò sì sí dókítà ní Nàìjíríà tàbí Amẹ́ríkà tó lè jí i. Ti cataract yàtọ̀. Funfun tó ń bo inú ẹyinjú nìyẹn, wọ́n á ṣe iṣẹ́ abẹ, èèyàn á tún máa ríran. Àwọn tí kò mọ ìyàtọ̀ yìí ló ń sọ pé, "Ẹ jẹ́ kó gbó dáadáa ká tó lọ ṣe é."

Láàárín 2005 sí 2007, wọ́n yẹ ojú àwọn tó ti pé 40 ọdún sókè wò káàkiri Nàìjíríà, èèyàn tó lé ní 13,000. Bíi 5 nínú 100 ló ní glaucoma. Nínú àwọn tó ní in yìí, kò pé 6 nínú 100 tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó ń ṣe òun. Àwọn yòókù ń ná ọjà, wọ́n ń wa mọ́tò, wọ́n ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé.

Àwa aláwọ̀ dúdú ló ń bá jà jù, ó sì máa ń tètè bẹ̀rẹ̀ lára wa ju lára òyìnbó lọ. Ó tún máa ń rìn nínú ẹbí, ibẹ̀ gan-an ló sì ń ká mi lára. Bàbá fọ́jú ní ọgọ́ta ọdún, wọ́n ní orogún ìyá rẹ̀ ló ṣe é, tàbí pé ilẹ̀ tó ń jà sí ni wọ́n fi mú un. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, ojú àkọ́bí rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní ayé ò tíì dẹ̀yìn lẹ́yìn ìdílé yẹn. Wọ́n á gbààwẹ̀, wọ́n á rúbọ, ẹnikẹ́ni ò ní sọ fún àwọn àbúrò tó kù pé kí wọ́n lọ yẹ ojú wò. Mi ò ní kí wọ́n má gbàdúrà. Ní England, ẹni tó bá ti pé 40 ọdún, tí bàbá, ìyá, ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí ọmọ rẹ̀ ní glaucoma, ọ̀fẹ́ ni NHS máa ń yẹ ojú rẹ̀ wò. Ọmọ wa tó wà ní Peckham lẹ́tọ̀ọ́ sí i, ṣùgbọ́n ó dìgbà tí wọ́n bá sọ fún un nílé pé ohun tó fọ́ bàbá lójú lórúkọ.

Ọmọdé ńkọ́? Ẹni tí tíṣà ń pè ní olódo lè jẹ́ ọmọ tí kò rí pátákó. Bí ọmọlójú ọmọ jòjòló bá ń tàn funfun nínú fọ́tò, ẹ má dúró dọ̀la, ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ. Ọdọọdún ni kí ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà máa lọ yẹ ojú wò. Àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ SC náà máa ń rò pé tiwọn fúyẹ́ ju ti SS lọ, bẹ́ẹ̀, ní ti ojú, tiwọn ló sábà máa ń le jù. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń pín ìgò oògùn kan kán ní gbogbo ilé bí Apólò bá ti dé, ẹ ṣọ́ra. Èyí tó ní steroid nínú máa ń tètè mú ojú pípọ́n lọ, ìyẹn lẹ ṣe fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń kán an fún oṣù mélòó kan, òun fúnra rẹ̀ lè fa glaucoma.

Àyẹ̀wò ọ̀hún kò le. Wọ́n á wọn bí omi inú ojú ṣe ń tì í tó, wọ́n á fi iná wo ẹ̀yìn ẹyinjú lọ́hùn-ún. Bí ara bá fu dókítà, á gbé yín síwájú ẹ̀rọ kan tó rí bí abọ́ funfun ńlá. Ẹ ó gbé àgbọ̀n lé e, wọ́n á bo ojú kan, wọ́n á ní kẹ́ ẹ tẹjú mọ́ àárín. Iná tíntìntín á máa yọ níhìn-ín lọ́hùn-ún, ẹ ó sì máa tẹ bọ́tìnnì bẹ́ ẹ bá ti rí i. Nígbà mìíràn aláìsàn á jókòó títí, kò ní rí nǹkan kan, á ní àfi bí NEPA ṣe mú un lọ. Iná ń yọ o. Òun ni kò rí i.

Oògùn tí wọ́n á fún un kò ní dá èyí tó ti lọ padà, yóò di èyí tó kù mú ni, títí ayé sì ni yóò máa kán an. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ìjọba tó ń pín awò ọ̀fẹ́ nígbà ìdìbò ì bá jẹ́ kí ìgò oògùn yìí dínwó, mà á kan sáárá sí wọn. Kí ìyẹn tó dé, bí ẹ bá lọ yẹ ojú wò, tí wọ́n fi pátákó lẹ́tà ara ògiri nìkan hàn yín, tẹ́ ẹ kà á dé ìsàlẹ̀, tí wọ́n ní ojú yín dára, kẹ́ ẹ máa lọ, ẹ má tíì dìde. Ẹ ní kí wọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀.