Iṣu Wo Ló Ń Ta Ní Ọjọ́ 30?

Nẹ́tíwọọ̀kì ni ò jẹ́ ká rí yín bá sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Òní tó gbójú sókè díẹ̀, a ní ká yára kọ ohun tó wà lọ́kàn wa kó tó tún lọ. Ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù, ẹ bá wa kà á dé ìsàlẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, bí a ṣe parí ìsìn, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa wá bá wa lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì. Ó ní, "Dádì, ẹ jẹ́ n fi nǹkan kan hàn yín." Ó ṣí fóònù rẹ̀. Ó ní ààpù tuntun kan ni, pé tí èèyàn bá fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà 100 náírà sí i, tó bá fi máa di ọjọ́ 30, ó ti di ẹgbẹ̀rún lọ́nà 200. A bi í pé kí ni wọ́n ń fi owó náà ṣe. Ó ní AI ló ń bá wọn fi ṣòwò, pé ẹ̀rọ tó gbọ́n ju èèyàn lọ ni, kì í sùn, kì í sinmi. A ní, "Àgbẹ̀ ṣáà ni bàbá ẹ. Iṣu wo ló ń ta ní ọjọ́ 30 lóko bàbá ẹ?" Ó bú sẹ́rìn-ín. Àwa náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tá a délé, ẹ̀rín ò wá mọ́, torí a rántí pé irú ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ rí nínú ìjọ wa, àwa gan-an la sì fi máíkì lé e lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, kí ojú ti Sàtánì.

Nígbà kan, arákùnrin kan jáde wá jẹ́rìí. Ó ní òun fi owó díẹ̀ sínú ètò kan lórí fóònù, oṣù kan ò pé, ìlọ́po méjì ni álẹ́ẹ̀tì tó wọlé. Ìlù dún, ìjọ jó. A ò bi í pé níbo ni owó náà ti wá. A tiẹ̀ gbàdúrà pé kí gbogbo ẹni tó bá ṣe àmín gba irú álẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Àmín ọjọ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí páánù òrùlé. Ó san ìdá mẹ́wàá, a gbà á, a sì súre fún un. Kí oṣù méjì tó pé, èèyàn mẹ́sàn-án nínú ìjọ ló ti tẹ̀ lé e. Ọ̀kan nínú wọn ni opó kan. Owó kajú rẹ̀ ti ọdún yẹn ló kó sí i, owó tó yẹ kó fi rán ọmọ lọ sílé ẹ̀kọ́. Nígbà tí ètò náà dákẹ́, tí kò sẹ́ni tó gbé ìpè mọ́, ìyá yìí ò lọ bá ẹni tó jẹ́rìí jà. Àwa ló wá bá. Ó ní, "Dádì, ẹ̀yin lẹ ní ká ṣe àmín."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò létí wa.

A ò ní dárúkọ ètò tó dé ọ̀dọ̀ tiwa. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la gbọ́ nípa èyí tó pariwo jù, ìyẹn CBEX. Àwọn náà ní AI ló ń bá àwọn ṣòwò owó orí íntánẹ́ẹ̀tì, pé owó ẹni á di ìlọ́po méjì láàárín bí oṣù kan. Àwọn èèyàn ń wo iye owó wọn tó ń gòkè lójú fóònù. Nígbà tó di oṣù kẹrin ọdún 2025, owó ò jáde mọ́. Kò pẹ́, iye tó wà lójú fóònù di òdo. Kò tán síbẹ̀ o. Wọ́n tún ní kí ẹni tó bá fẹ́ gba owó rẹ̀ kọ́kọ́ san 100 dọ́là tàbí 200 dọ́là, kí wọ́n lè mọ̀ pé òun ló ni ín. Wọ́n jí ewúrẹ́ ẹni gbé, wọ́n tún ní kó wá san owó okùn! N'Íbàdàn tiwa níbí, àwọn èèyàn ya wọ ọ́fíìsì wọn ní Òkè-Àdó, wọ́n ń kó àga, wọ́n ń kó tábìlì. Àga mélòó ló máa di owó tí èèyàn fi ọdún mélòó kan kó jọ?

Àjọ SEC tó ń mójú tó irú òwò bẹ́ẹ̀ sọ pé àwọn ò fún CBEX ní ìwé àṣẹ. Oṣù kẹta ọdún yẹn kan náà ni Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin tuntun, tó sọ pé ẹni tó bá dá irú ètò ìtànjẹ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 10 gbára. Òfin ti dé, ṣùgbọ́n owó ti lọ.

Ẹ má sì rò pé AI ló bí i. Ọkùnrin ará Ítálì kan tó ń gbé ní Boston l'Amẹ́ríkà, Charles Ponzi, ti ṣe é lọ́dún 1920. Òun ní owó á di ìlọ́po méjì ní ọjọ́ 90, pé òwò kúpọ́ọ̀nù ìfìwéránṣẹ́ lòun ń ṣe. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe irú ètò yìí dòní. MMM náà ńkọ́? Ní oṣù kejìlá ọdún 2016, nígbà tí Kérésì ku fẹ́ẹ́fẹ́, ni wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ àwọn èèyàn lójú. Àjọ NDIC sọ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 3 ọmọ Nàìjíríà ló fara gbá a, owó tó sì bá a lọ tó bílíọ̀nù 18 náírà. Nígbà ti Ponzi, kúpọ́ọ̀nù ni wọ́n ní. Nígbà ti MMM, wọ́n ní ká máa ran ara wa lọ́wọ́ ni. Ní báyìí, AI ni. Aṣọ ló ń yí padà, ẹni tó wọ̀ ọ́ ò yí.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ò ṣòro láti yé èèyàn: kò sí oko kankan níbì kankan. Owó tí Kẹ́hìndé mú wọlé lónìí ni wọ́n ń san fún Táyé tó wọlé lánàá, wọ́n á ní èrè ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní kó o mú èèyàn wá. Lọ́jọ́ tí àwọn tó ń wọlé ò bá tó àwọn tó fẹ́ jáde, ilé wó nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ tó wá le níbẹ̀ nìyí, ẹ má bínú sí wa. Ẹni tó rí èrè gbà nínú ẹ̀, owó ẹlòmíràn ló gbà. Arákùnrin tó jẹ́rìí yẹn kì í ṣe olè, òun náà ò mọ̀. Ṣùgbọ́n owó tá a jó lé lórí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ owó kajú opó kan ní ìlú mìíràn. Inú rẹ̀ sì ni ìdá mẹ́wàá tá a gbà ti wá.

Nílẹ̀ Òkè-Ògùn yìí, Ọlọ́run ti kọ́ wa ní ìṣirò kí fóònù tó dé. Iṣu tá a gbìn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó di bí oṣù keje, oṣù kẹjọ ká tó jẹ iṣu tuntun. Àgbàdo ń lọ bí oṣù mẹ́ta. Gbágùúdá ń lọ bí ọdún kan. Kajú, ó tó bí ọdún mẹ́ta kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í so. Jésù Olúwa náà fi irúgbìn kọ́ wa nínú Máàkù orí kẹrin, pé díẹ̀díẹ̀ ni, nǹkan kan ń ṣáájú òmíràn. Ẹ lọ kà á nílé. Àgbẹ̀ tó mọ èyí lóko, kí ló dé tó fi gbàgbé rẹ̀ tó bá gbé fóònù?

Àwọn kan á ní ojúkòkòrò ló pa wọ́n. A ò fara mọ́ ìyẹn tán. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí náírà sì já wálẹ̀, ẹ̀yin náà mọ ohun tí ọ̀kadà ń gbà. Ẹ mọ iye tí àpò ajílẹ̀ dà. Ẹni tí odò Òfíkì bá ń gbé lọ, bí ẹ bá na ejò sí i, á dì í mú. Nítorí náà, ẹ má fi àwọn tó pàdánù ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ìjọ o. Ìtìjú ni kì í jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ló sì ń jẹ́ kí ẹlòmíràn bọ́ sínú kòtò kan náà.

Fóònù kọ́ lọ̀tá o. Òun la fi ń mọ iye tí àgbàdo ń lọ ní Ṣakí àti Ìséyìn ká tó pe ọkọ̀. Òun la fi ń rí ojú ọmọ-ọmọ wa lókè òkun. AI pàápàá, àwa náà ti bi í ní ìbéèrè rí nígbà tá a ń múra ìwàásù. Ó ṣe dáadáa, àfi pé ó fún wa ní ẹsẹ Bíbélì kan tí kò sí nínú Bíbélì! Ká ní a ò ṣí Bíbélì wò ni, orí pẹpẹ là bá ti kà á. Ohun tá a ń sọ náà nìyẹn: ẹ máa ṣí i wò.

Àwọn bàbá wa dá èésú, wọ́n dá àjọ. Alájọ Ṣómólú di ẹni à ń fi pa òwe nítorí pé orí rẹ̀ pé, kì í ṣi owó àwọn èèyàn kà. Owó tó o dá náà lo máa kó. Kì í bímọ, ṣùgbọ́n o mọ ilé ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí àwa ti ṣe nìyí. A pe àwọn àgbà ìjọ, a wo ìwé, a ṣírò ìdá mẹ́wàá tó ti inú owó yẹn wá, a sì kó gbogbo rẹ̀ fún opó náà. Kò tó ìdajì ohun tó pàdánù, ṣùgbọ́n ọmọ ti padà sílé ẹ̀kọ́. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ jẹ́rìí owó nínú ìjọ wa á kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ tó mú un wá. A sì ti fi àdúrà álẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ la ń gbàdúrà lé lórí. Ẹnì kan ti ní àdúrà Dádì ti tutù. Kó tutù.

Tí wọ́n bá fi ààpù kan hàn yín lọ́la, ẹ bi wọ́n ní nǹkan mẹ́ta. Níbo ni oko yín wà? Ta ló ń ra ohun tí oko náà ń mú jáde? Tí n kò bá mú ẹnikẹ́ni wá, ṣé owó mi á ṣì jáde? Lẹ́yìn náà, ẹ wò ó bóyá orúkọ wọn wà lára àwọn tí SEC fún láṣẹ. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà. Fóònù tí wọ́n fẹ́ fi gbá yín náà ni kẹ́ ẹ fi wò ó.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tá a sọ lẹ́ẹ̀kan ńkọ́? Ẹ̀rín tó rín lọ́jọ́ yẹn, ó ti fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà 20 sí i kó tó wá bá wa. A ní kó lọ gbìyànjú kó gba owó náà jáde. Lálẹ́ Ọjọ́rú, lẹ́yìn ẹ̀kọ́ Bíbélì, ó ní wọ́n ní kóun dúró di ọgbọ̀n ọjọ́. A ń bá a kà á. Ṣùgbọ́n kò tíì mú ẹnikẹ́ni wọlé, ó sì ti ṣèlérí fún wa pé òun ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Fún ìyẹn nìkan, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa.

Ọlọ́run á bù kún iṣẹ́ ọwọ́ yín. Ohun tí ẹ gbìn, ẹ̀yin lẹ máa jẹ ẹ́. Kì í ṣe dandan kẹ́ ẹ kọ àmín sísàlẹ̀. Ẹ kúkú fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan tó ní ààpù tuntun lórí fóònù.