Golf Àtijọ́ àti Èyí tí ó Rọ́pò Rẹ̀

Ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ iyàn tí kì í tán, kí ó yà sí ọgbà àwọn atúnmọ́tòṣe ní agbègbè Ládìpọ̀ ní Mùṣin ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Kò ní í pẹ́ tí yóò fi bá ọkùnrin mẹ́rin tàbí márùn-ún tí wọ́n jókòó lórí táyà àlòkù, tí wọ́n ń jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà, tí olúkúlùkù sì ń dúró de ọkọ̀ rẹ̀ tí a ti ṣí bónẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sílẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ti dárúkọ Golf 3, tí òmíràn sì fèsì pé Golf 4 sàn jù ú lọ, iyàn bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo ti rí i tí wọ́n jà á títí oòrùn fi kan àtàrí, tí ẹ̀wà tutù, tí ẹni tí a ti tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe tán kò sì dìde.

Bí ọ̀rọ̀ ìyálé sí ìyàwó ni ọ̀rọ̀ àwọn oní-Golf 3 sí Golf 4 rí. Ìyálé tí ó gbọ́n kì í sọ pé ìyàwó kò lẹ́wà. Ohun tí ó máa ń sọ ni pé kò mọ ọbẹ̀ sè. Bákan náà ni àwọn wọ̀nyí. Wọn yóò gbà pé Golf 4 dùn ún wò, pé ìjókòó rẹ̀ rọ̀, pé ariwo títì kì í wọ inú rẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọn yóò mi orí, wọn yóò sì wí pé, “Ṣùgbọ́n kì í ṣe Golf.” Èrò tèmi ni pé òtítọ́ ńlá kan wà nínú ohun tí wọ́n ń wí, ṣùgbọ́n wọ́n ń fi òtítọ́ náà bo nǹkan mìíràn mọ́lẹ̀.

Kí Golf tó dé, Ìjàpá ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ mọ́ orúkọ Volkswagen ní ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní ojú ọ̀nà Àgbádárìgì ní Èkó. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà, atẹ́gùn ni ó sì ń tù ú lára. Kò lo omi rárá. Golf tí wọ́n gbé jáde ní Jámánì ní ọdún 1974 yí gbogbo èyí padà. Ẹ́ńjìnnì bọ́ sí iwájú, omi ni ó ń mú un tutù, ará Ítálì kan tí ń jẹ́ Giorgetto Giugiaro sì ya ara rẹ̀ ní igun-igun bí àpótí. Mo rántí bí àwọn àgbà àdúgbò wa ní Súrùlérè ṣe ń fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ọkọ̀ tí ń mu omi bí ewúrẹ́, ta ni yóò máa bu omi fún un ní àárín ọ̀nà Ìbàdàn? Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé a óò padà sí i.

Ní ọdún 1976, Volkswagen fi ẹ́ńjìnnì tí ó ní agbára ẹṣin 110 sínú Golf kékeré yìí, wọ́n sì pè é ní GTI. Ọkọ̀ náà kò wúwo ju nǹkan bí kìlógíráàmù 810 lọ. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún péré ni wọ́n kọ́kọ́ gbèrò láti ṣe. Èyí tí wọ́n tà nínú ìran àkọ́kọ́ nìkan ju 400,000 lọ. Ohun tí ó jẹ́ ìyanu fún àwọn ènìyàn ni pé ọkọ̀ tí a ń fi gbé ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, tí a lè ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ kí a kó àpò gàrí sí, òun kan náà ni yóò fò bí ẹtu bí a bá tẹ iná mọ́ ọn. Golf 2 dé ní ọdún 1983, Golf 3 ní 1991, Golf 4 sì dé ní 1997.

Golf 3 ni Èkó mọ̀ jù nínú wọn. Láti ọ̀nà Kútọnu àti láti èbúté Tin Can ni wọ́n ti ń wọlé gẹ́gẹ́ bí tòkunbọ̀. (Orúkọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun tí ó sì padà wá sílé ni Tòkunbọ̀, ẹni tí ó kọ́kọ́ fi sọ ọkọ̀ àlòkù lórúkọ gbọ́n púpọ̀.) Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ ní Yàbá, Golf 3 ni, ọlọ́jà Tẹ̀júoṣó tí ń kó aṣọ, Golf 3 ni, ní ọ̀pọ̀ ìlú òkè, ó ti di tákísì. Àwọn tí ó ni í a sì máa pa òwe pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Ẹ̀sùn tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ fi kan Golf 4 ni ìwúwo. Golf 3 GTI fi díẹ̀ lé ní kìlógíráàmù 1,000. Golf 4 GTI ju 1,100 lọ. Èyí kì bá tí burú bí agbára bá bá a pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n àwọn GTI kan wà nínú Golf 4 tí ẹ́ńjìnnì wọn kò ní ju agbára ẹṣin 115 lọ, iye kan náà tí ó wà nínú Golf 3 GTI. Ẹrù ń pọ̀ sí i, agbára dúró sójú kan. Lóòótọ́ ni wọ́n ṣe èyí tí ó ní 150, ṣùgbọ́n Golf 3 náà ní tirẹ̀ tí ó ní 150. Àwọn akọ̀ròyìn ọkọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò yin Golf 4 GTI. Wọ́n ní ó ti sanra, oorun sì ti wọ ojú rẹ̀.

Síbẹ̀, ìwúwo kọ́ ni ó ń mú kí ohùn wọn ga. Nínú Golf 3, okùn irin kan ni ó so ẹsẹ̀ awakọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì. Bí ẹsẹ̀ bá ti tẹ̀, okùn a fà, ẹ́ńjìnnì a dáhùn. Nínú ọ̀pọ̀ Golf 4, okùn náà kò sí mọ́. Ẹsẹ̀ awakọ̀ ń ránṣẹ́ sí àpótí kan tí ó jẹ́ ọpọlọ ọkọ̀, ọpọlọ náà ni yóò sì pinnu iye tí ẹ́ńjìnnì yóò gbà. Awakọ̀ àtijọ́ kan wí fún mi pé òun kì í bẹ̀bẹ̀ kí òun tó sáré.

Mo mọ ọ̀gá kan ní Mùṣin tí kì í ṣí bónẹ́ẹ̀tì Golf 3 kí ó tó mọ ohun tí ń ṣe é. Yóò ní kí o tan ọkọ̀, yóò di ojú, yóò tẹ́ etí sílẹ̀ bí ẹni tí ń gbọ́ ìlù dùndún láti òkèèrè, yóò sì wí pé, “Púlọ́ọ̀gì kẹta ni.” Yóò sì jẹ́ púlọ́ọ̀gì kẹta. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò mú sípánà, wákàtí kan kò sì ní í kọjá tí ìwọ yóò fi máa lọ sí ilé rẹ. Ṣùgbọ́n bí Golf 4 bá dé iwájú ọ̀gá kan náà, tí iná kan tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù tí kò fẹ́ kú, ojú rẹ̀ a yí padà. Yóò ránṣẹ́ sí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ní ẹ̀rọ tí a fi ń yẹ àìsàn ọkọ̀ wò. Ọmọ náà yóò ki wáyà rẹ̀ bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, yóò ka nọ́ńbà kan, yóò gba owó rẹ̀, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀gá tí ó ti lo ọgbọ̀n ọdún nídìí iṣẹ́ yóò dúró bí ọmọ iṣẹ́ níwájú ọmọ tí ó lè bí. Mo ti rí ojú ọ̀gá náà ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, n kò sì fẹ́ tún rí i.

Nítorí èyí ni mo ṣe wí pé a kò gbọ́dọ̀ fi àwọn oní-Golf 3 ṣẹ̀sín bí aláìmọ̀kan. Ọkọ̀ tí ènìyàn mọ tinú-tẹ̀yìn rẹ̀, tí a lè tún ṣe ní ẹ̀bá títì pẹ̀lú irinṣẹ́ tí kò kún àpò, ohun iyebíye ni. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá kú lórí afárá Third Mainland ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́ ni yóò sọ iyì rẹ̀ fún yín.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo àkísà tí wọ́n ń fi yangàn yìí dáradára. A fi síńkì bo gbogbo páànù ara Golf 4 kí ó má baà dógùn-ún, ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é sì fi ọdún 12 ṣe ìlérí pé ìpáàrà kò ní í jẹ ẹ́ lu. Ní Súrùlérè tí àgbàrá òjò máa ń bo táyà mọ́lẹ̀, ẹ sọ fún oní-Golf 3 kí ó ká kápẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ rẹ̀ sókè. Nígbà mìíràn ẹ ó rí ilẹ̀ títì láti ibi tí ẹ jókòó sí. Ẹ̀rọ kan tún wà lára ọ̀pọ̀ Golf 4 tí ń di ọkọ̀ mú bí ó bá fẹ́ yọ̀ kúrò lójú ọ̀nà. Kò sí lára Golf 3 kankan.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Golf 3 pupa kan tí ó rà ní ọdún 2004. Ní ọjọ́ kan ní oṣù Keje ọdún 2011, òjò ń rọ̀, ó ń bọ̀ ní ojú ọ̀nà Ìkòròdú, ọkọ̀ akérò kan sì dúró lójijì níwájú rẹ̀ ní Fádèyí. Ó tẹ bíréèkì. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró gbagidi, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ń yọ̀ lọ bí ọṣẹ nínú omi. Àpò afẹ́fẹ́ tí ó yẹ kí ó tú jáde láti inú sítíárìn kò tú, nítorí pé ẹni tí ó lo ọkọ̀ náà ṣáájú ti yọ sítíárìn rẹ̀ kúrò, ó sì ti fi kékeré kan bí ti àwọn asáré-ìje rọ́pò rẹ̀. Àyà ẹ̀gbọ́n mi ni ó bá sítíárìn náà pàdé. Egungun ìhà méjì ni ó ṣẹ́, ó sì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nílé. Ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ lè dìde dáradára, ọgbà mẹ̀káníìkì ni ó lọ, láti béèrè àlàáfíà ọkọ̀. Nínú gbogbo iyàn tí mo ti gbọ́ ní Ládìpọ̀, n kò tíì gbọ́ kí ẹnì kan mú ọ̀rọ̀ egungun ìhà wọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ owó náà wà níbẹ̀ tí a kì í sọ síta. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023, lítà epo bẹntiróòlù fò láti iye tí kò tó 200 náírà sí 488 náírà ní Èkó. Ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, náírà já lulẹ̀, owó tòkunbọ̀ sì gun òkè réré. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣàkíyèsí pé ìyìn Golf 3 ń ga sí i. Ẹni tí kò lè ra tuntun a máa tètè rí àléébù ara tuntun. N kò fi èyí bú ẹnikẹ́ni, nítorí èmi náà wà lára wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí a fẹ́ràn yàtọ̀ sí ohun tí apá wa ká.

Àwọn ọ̀gá iṣẹ́ pẹ̀lú ní ìpín nínú ẹ̀bi náà. Bí òmíràn nínú wọn bá ń wí pé Golf 4 kò dára, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé òun kò mọ̀ ọ́n tún ṣe. Ọmọ iṣẹ́ tí a bá sì fi ẹ̀gàn yìí tọ́ fún ọdún mẹ́rin, kí ni yóò máa tún ṣe nígbà tí ó bá gba òmìnira? Ó ti pẹ́ tí ilé-iṣẹ́ ti dáwọ́ Golf 3 dúró. Èyí tí ó kù ń dín kù lójoojúmọ́. Ọ̀gá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan rí èyí kí ó tó pẹ́ jù. Ó rán ọmọbìnrin rẹ̀ lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Yàbá, ọmọ náà ni ó sì ń fi ẹ̀rọ yẹ ọkọ̀ wò fún un báyìí. Bàbá a tẹ́ etí, ọmọ a ka nọ́ńbà. Nígbà mìíràn, èrò àwọn méjèèjì kì í pọ̀ sí ojú kan, mo sì ti rí i tí bàbá jàre.

Mo ní kí ẹ fi ọ̀rọ̀ àwọn oní-Ìjàpá sọ́kàn. Pàṣán tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Golf tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí omi ni ó di Golf àtijọ́ tí a ń yìn lónìí. Golf 5 dé ní ọdún 2003, GTI rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún kejì ní agbára ẹṣin 200, àwọn akọ̀ròyìn sì yìn ín gidigidi. Ṣùgbọ́n ẹ lọ bi àwọn oní-Golf 4 ní Súrùlérè léèrè. Wọn yóò wí fún yín pé wáyà Golf 5 ti pọ̀ jù, pé kì í ṣe Golf. Ní òkè òkun pàápàá, nígbà tí Golf 8 dé ní ọdún 2019, àwọn ènìyàn ráhùn pé ìka kò rí bọ́tìnnì gidi tẹ̀ mọ́ lára sítíárìn GTI. Ní ọdún 2024, Volkswagen dá bọ́tìnnì padà, ṣùgbọ́n wọ́n mú jíà àfọwọ́yí kúrò nínú GTI. Ìráhùn dá ọ̀kan padà, òmíràn sì lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ta Golf 3 pupa náà ní ọdún 2024 fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Àgùdà, ó sì fi owó lé e láti ra Golf 4 tí àpò afẹ́fẹ́ rẹ̀ pé. Ó ń wà á, kò sì fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan a jókòó sí iwájú ilé, ọkọ̀ kan ń bọ̀ láti ìkóríta, a kò tíì rí i. Ó gbé ọwọ́ sókè kí n dákẹ́. “Tèmi nìyẹn,” ni ó wí. “Kò tíì pààrọ̀ sáílẹ́ńsà rẹ̀.” Golf 3 pupa náà sì kọjá, ọmọ tí ó wà nídìí rẹ̀ fi fèrè kí i.